Bí a ṣe ń fi òróró sí oúnjẹ ehoro kí ó lè dàgbà, kí ara rẹ̀ sì le

Ìbéèrè tí àwọn tó ń wá ra ọmọ ehoro lọ́wọ́ mi ní Mọ́níyà máa ń bi mí jù lọ ni pé, "Ìyá Eléhoro, kí lẹ ń fún wọn jẹ tí irun wọn fi ń dán báyìí?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé koríko ni àkọ́kọ́, omi tó mọ́ ni ìkejì, òróró díẹ̀ sì ni ìkẹta. Òróró yẹn nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbọ́ lọ sílé. Wọ́n á délé, wọ́n á da òróró lé oúnjẹ ehoro bí ẹni ń se àsáró, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi pè mí pé ìgbẹ́ gbuuru ti mú àwọn ehoro wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, kí n lè to ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òróró wúlò fún ehoro, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ehoro ló tọ́ sí, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni à ń fún wọn, ìwọ̀n tí wọ́n nílò sì kéré gan-an sí èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dà sí i. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ọmọ tó ń dàgbà ló ni ín. Bí òróró náà bá ti pẹ́ nílẹ̀ tó ti kan, ó sàn kí ẹ má fún wọn rárá.

Ohun tí òróró ń ṣe nínú ara ehoro

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ inú ehoro. Kì í dá oúnjẹ padà sẹ́nu jẹ bíi ti ewúrẹ́, kò sì lè bì. Ohun tó bá ti gbé mì, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Lẹ́yìn ìfun rẹ̀ tín-ín-rín, ó ní àpò ìfun ńlá kan tí àwọn kòkòrò àìfojúrí kún inú rẹ̀, àwọn ló ń bá a fọ́ koríko. Ìgbẹ́ rírọ̀ tó ń ti inú àpò yẹn wá, ehoro máa ń fi ẹnu gbà á láti ìdí ara rẹ̀ ni, pàápàá lóru àti ní ìdájí, á sì gbé e mì. Ẹ má lé e, ẹ má sì rò pé ebi ló ń pa á: purotéènì àti fítámì tí àwọn kòkòrò yẹn ti ṣe ló ń kó jọ. Ohunkóhun tó bá da àwọn kòkòrò yẹn rú ti da ehoro rú.

Ọ̀ràn àgbàdo bá ibẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀ olùsìn tó bá fẹ́ kí ehoro yára sanra, àgbàdo ló ń fi kún oúnjẹ. Àgbàdo dára ní ìwọ̀nba, ṣùgbọ́n ìfun ọmọ ehoro tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lẹ́nu ọmú kò tíì lágbára láti lọ gbogbo sítáàṣì inú rẹ̀ tán. Èyí tó bá ṣẹ́kù á sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò ìfun, àwọn kòkòrò burúkú á rí oúnjẹ, wọ́n á pọ̀ ju àwọn tó dára lọ, ikùn á wú, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀. Ti òróró yàtọ̀. Ìfun tín-ín-rín ló ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀. Gíráàmù òróró kan ń mú agbára bíi kálórì 9 wá, nígbà tí gíráàmù sítáàṣì kan ń mú bíi 4. Ìyẹn ni pé díẹ̀ nínú òróró lè rọ́pò àgbàdo púpọ̀, kí àyè sì ṣẹ́kù nínú ikùn fún koríko.

Ooru ni ìdí kejì, ó sì ṣe pàtàkì fún àwa tó ń gbé ní ìhà ibí yìí. Ehoro fẹ́ràn ibi tó tutù, bíi dígírì 18 sí 21. Kì í làágùn bíi tiwa, etí rẹ̀ ló fi ń tú ooru ara jáde. Tí ọ̀sán oṣù kejì àti oṣù kẹta bá kọjá dígírì 30 ní Ìbàdàn, ẹ ó rí i tó nà gbalaja, tó ń mí kíákíá, oúnjẹ á sì kù sínú àwo. Oúnjẹ tí ara ń lọ máa ń mú kí ara gbóná, ti òróró ló kéré jù nínú gbogbo wọn. Nígbà tí ehoro kò bá lè jẹun púpọ̀, ìwọ̀nba tó jẹ gbọ́dọ̀ ní láárí. Ó dùn mọ́ mi pé àsìkò yẹn gan-an ni ẹyìn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, tí epo tuntun ń wọ ọjà.

Àǹfààní kẹta kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn: eruku. Máàṣì, ìyẹn oúnjẹ lílọ̀, ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa ń fún ehoro, torí pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn oúnjẹ tí ẹ̀rọ ti fún di kóró, wọ́n. Máàṣì gbígbẹ ń kù sí ehoro nímú, ehoro tó ń sín lójoojúmọ́ kò jìnnà sí àìsàn imú àti ẹ̀dọ̀fóró. Òróró díẹ̀ á mú kí eruku náà wálẹ̀, ehoro kò sì ní máa fẹsẹ̀ tú máàṣì dànù bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí òróró kò bá ṣe nǹkan mìíràn ju èyí lọ, mi ò ní fi í sílẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, fítámì A, D, E àti K nílò ọ̀rá kí ara tó lè gbà wọ́n. Àwọn ọ̀rá kan tún wà tí ara ehoro kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀, tí awọ àti irun rẹ̀ kò sì lè ṣe aláìní. Dídán irun tí àwọn ènìyàn ń rí, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Òróró wo?

Ọ̀rá inú òróró ẹ̀wà sóyà ju ìlàjì lọ jẹ́ irú èyí tí awọ àti irun ń fẹ́, òun ni mo máa ń lò jù fún àwọn ọmọ tó ń dàgbà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń tètè bàjẹ́ bí oòrùn àti atẹ́gùn bá ń kàn án.

Epo pupa kò ní irú ọ̀rá yẹn púpọ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n kì í tètè bàjẹ́, ó sì ní fítámì E pẹ̀lú èròjà pupa tí ara ń sọ di fítámì A. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún àwọn ìyá. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀. Àwọn kan ń pa á láró kí ó lè pupa fòò, àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ lórí ẹ̀ léraléra. Epo tó pupa ju bó ṣe yẹ lọ tí kò sì ní òórùn ẹyìn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Àdín àti òróró àgbọn ni ọ̀rọ̀ wọn dùn mọ́ mi jù. Wàrà ehoro ní ọ̀rá kúkúrú kan tí kò wọ́pọ̀ nínú wàrà màlúù, ọ̀rá yìí ló ń bá ọmọ dènà kòkòrò burúkú nínú ikùn fún gbogbo ìgbà tó bá fi wà lẹ́nu ọmú. Ọjọ́ tí a bá gbà á lẹ́nu ọmú ni ààbò yẹn dópin, kì í sì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu pé ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e ni ikú máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn olùsìn. Àdín àti òróró àgbọn ní díẹ̀ nínú ọ̀rá yẹn, wọ́n sì kún fún ìbátan rẹ̀ kan tí òun náà ń bá àwọn kòkòrò jà. N kò sọ pé ó jẹ́ oògùn o. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tó ń já lẹ́nu ọmú, mo máa ń pín òróró sí méjì, ìdajì sóyà, ìdajì òróró àgbọn tàbí òróró èkùrọ́ tó mọ́ gaara. Àdín dúdú tí wọ́n yan èkùrọ́ rẹ̀ títí tó fi jóná, ẹ jẹ́ kí a fi í pa ara.

Epo ẹja ní irú ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní omega-3 tó pọ̀, àwọn kan sì ń lò ó kí omega-3 lè wọ inú ẹran, torí irú ọ̀rá tí ehoro bá jẹ ni a ń bá nínú ẹran rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun ló ń tètè bàjẹ́ jù nínú gbogbo wọn, òórùn rẹ̀ sì ń wọ ẹran. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó pa ehoro. Èmi kì í lò ó.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní í jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan ìgò òróró: ẹ̀wà sóyà tí a yan. Nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ òróró, ó sì ní purotéènì tó tó ìlọ́po méjì iye òróró náà. Kílò méjì ààbọ̀ nínú àpò oúnjẹ kílò 25 ń mú òróró bíi 450 gíráàmù wá. Ẹ yan án dáadáa títí tí yóò fi máa ta sánsán, tí èèpo rẹ̀ á máa bọ́, kí ẹ tó lọ̀ ọ́, torí ẹ̀wà sóyà tútù ní ohun kan tí kì í jẹ́ kí ara rí purotéènì lò. Fún ẹni tí òróró wọ́n fún tàbí tí kò rí ibi tó tutù tọ́jú rẹ̀ sí, ọ̀nà yìí ni mo máa ń júwe.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Tí ẹ bá ń fi P.K.C. púpọ̀ bọ́ ehoro yín, ìyẹn èérí èkùrọ́ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tán, ẹ ti ń fún wọn ní òróró tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ fún ṣì ń ní òróró bí ìdá 6 sí 10 nínú 100. Kúlíkúlí náà ní tirẹ̀. Ẹ ṣírò ìyẹn mọ́ ọn kí ẹ tó gbé ìgò. Ẹ gbóòórùn P.K.C. yín pẹ̀lú, torí òróró inú rẹ̀ ń kan bíi ti òróró inú ìgò.

Ìwọ̀n àti bí a ṣe ń pò ó

Ìdá 2 nínú 100 ni ìwọ̀n tó tọ́ fún ọmọ tó ń dàgbà. Fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ó lè dé ìdá 3. Ẹ má kọjá ìdá 4 láé. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, oúnjẹ á máa lẹ̀, ehoro á tètè yó kí ó tó jẹ purotéènì àti fáíbà (okun inú koríko) tó yẹ, inú rẹ̀ á sì dàrú.

Ẹ kò nílò òṣùwọ̀n olówó ńlá. Ìgò oníke omi 50cl tó bá kún fún òróró wọ̀n tó bíi 460 gíráàmù. Ìgò kan nínú àpò oúnjẹ kílò 25 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá 2 gẹ́lẹ́. Ìgò kan ààbọ̀, ìyẹn 75cl, ni ti àwọn ìyá. Ìwọ̀n yìí kò ṣòro láti rántí, mo sì ti kọ ọ́ sára ògiri yàrá tí mò ń kó oúnjẹ sí, kí ẹni tó bá ń bá mi ṣiṣẹ́ má baà fi ojú díwọ̀n.

Bí òróró ṣe ń wọlé, ìwọ̀n purotéènì tó wà nínú kílò kan ń dín kù díẹ̀. Bí ehoro ṣe ń rí agbára púpọ̀ sí i, ó tún ń dín oúnjẹ tó ń jẹ kù fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń fa purotéènì wálẹ̀. Nítorí náà, ìgò òróró kan gbọ́dọ̀ bá 300 gíráàmù sóyà kéèkì, ìyẹn èérí sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, rìn nínú àpò náà. Àpò tó ní purotéènì ìdá 17 tẹ́lẹ̀ á wà ní 17 bó ṣe wà. Ọmọ tó bá rí òróró tí kò rí purotéènì á kàn sanra níkùn ni, itan àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní kún. Ẹni tó bá ti ń lo sóyà yíyan dípò òróró kò nílò àfikún yìí.

Bí mo ṣe ń pò ó nìyí. Mo máa ń bu nǹkan bíi kílò mẹ́ta máàṣì sínú ọpọ́n ńlá. Màá da òróró lé e díẹ̀díẹ̀, màá sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí tí kò fi ní sí kóró kankan nínú rẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ á dọ́gba. Àsìkò yìí kò gba ìkánjú. Lẹ́yìn náà ni màá tú àpò tó kù sórí tapólì tó mọ́, màá fọ́n èyí tí mo ti fi ọwọ́ ra pọ̀ mọ́ òróró sórí rẹ̀, màá fi ṣọ́bìrì yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Tí ẹ bá da òróró lé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ibì kan á rin gbingbin, ibòmíràn kò ní rí nǹkan kan, ehoro tó bá sì bọ́ sí ibi tó rin gbingbin ni yóò ṣàìsàn. Lásìkò ọyẹ́ tí epo pupa bá dì, ẹ gbé ìgò náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí ó lè yọ́. Ẹ má gbé e kaná.

Fún ẹni tó ń lo pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ́n òróró ṣíbí ìmùkọ kan sí kílò kan, kí ẹ gbọ̀n ọ́n pọ̀ nínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ fi í sílẹ̀ kí ó fà á mu kí ẹ tó pín in.

Èyí tí yóò tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ máa pò. Ìgò òróró tó bá ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ wà níbi tó ṣókùnkùn, kí ó kún, kí ìdérí rẹ̀ fún. Inú kẹ́ẹ̀gì ńlá tó ti dé ìdajì, atẹ́gùn ti pọ̀ níbẹ̀. Ẹ máa pín in sínú àwọn ìgò kéékèèké lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á.

Àwọn tó tọ́ sí i, àti àwọn tí kò tọ́ sí

Ehoro ń lóyún fún bí ọjọ́ 31. Láti bí ọjọ́ 28 ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ òróró fún ìyá, ní ìwọ̀n kékeré, kí inú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kí ó tó bímọ. Wàrà ehoro lọ́ràá gidigidi, nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́ta ti màlúù lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré lóòjọ́ ló ń wọ inú àpótí ọmọ láti fún wọn lọ́mú, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ọmọ mẹ́jọ á sì ti yó títí di ọjọ́ kejì. Ẹ wo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀! Wàrà náà ń pọ̀ jù ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Tí oúnjẹ ìyá kò bá gbé e, ara rẹ̀ ni yóò máa fà yọ, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta, bí ẹ bá sì tún gbé e lọ sọ́dọ̀ akọ, oyún lè má dúró. Òróró ìdá 3 ń gbà á lọ́wọ́ ìyẹn. Tí n bá ní òróró tó lè tó ehoro kan ṣoṣo, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ni màá fún.

Àwọn ọmọ máa ń la ojú ní bí ọjọ́ 10 sí 12. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n á ti máa jáde wá tọ́ oúnjẹ ìyá wọn wò. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀nà yìí dára: oúnjẹ olóròóró tí ìyá ń jẹ ni inú ọmọ á fi kọ́ iṣẹ́. Nígbà tí mo bá gbà wọ́n lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún tàbí ìkẹfà, ìyá ni mo máa ń gbé kúrò, àwọn ọmọ á dúró nínú kéèjì tí wọ́n mọ̀, oúnjẹ kan náà á sì máa bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Lẹ́yìn náà ni màá rọra sọ ọ́ di ìdá 2, títí di ọjọ́ tí wọ́n á lọ sọ́jà.

Ẹni tó bá ra ọmọ ehoro tí kò jẹ òróró rí, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìlàrin ìgò nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ìdajì fún ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ tó wá dé ìgò kan. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú koríko, omi àti oúnjẹ tó mọ̀ nílé ẹni tó tà á, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan.

Akọ, ìyá tí kò lóyún tí kò sì ní ọmọ lọ́mú, àti ọ̀dọ́ abo tó ń dúró de àkókò gígùn, àwọn wọ̀nyí kò nílò òróró. Ọ̀rá á bo ilé ẹyin abo, kò ní tètè lóyún. Bó bá lóyún, ó lè dákú lọ nígbà tí ọjọ́ ìbímọ bá kù díẹ̀, torí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè gbé ọ̀rá náà. Akọ tó sanra jù kì í fẹ́ gun abo. Ẹ máa fi ọwọ́ wá egungun ẹ̀yìn wọn: ó yẹ kí ẹ lè fọwọ́ mọ̀ ọ́n lábẹ́ ẹran, kó má sì ṣe gún yín lọ́wọ́.

Gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, orí koríko ló dúró lé. Yúnyún, eèsún tí kò tíì gbó, ewé ọ̀dùnkún, ewé ẹ̀pà, gbogbo wọn dára. Mo máa ń sá wọn kí wọ́n rọ díẹ̀ kí n tó fún wọn, torí ewé tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀ ń mú kí inú wọn wú. Ehoro gbọ́dọ̀ rí koríko níwájú rẹ̀ tọ̀sántòru, pàápàá èyí tó ń jẹ òróró. Ibi tí kò bá ti sí fáíbà, òróró kò lè ṣe é lóore kankan.

Àwọn nǹkan tí ẹ gbọ́dọ̀ yàgò fún

Òróró tí wọ́n ti fi dín àkàrà tàbí dòdò, ẹ má gbà á, bí wọ́n bá tilẹ̀ fi ta yín lọ́rẹ. Iná ti bà á jẹ́. Òróró tó ti bàjẹ́ ń pa fítámì E inú oúnjẹ, iṣan ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ìyá á máa ṣẹ́yún. Ẹ sì rántí pé ehoro kò lè bì í jáde. Ẹ tọ́ òróró yín sí ahọ́n kí ẹ tó pò ó: bó bá ta yín lọ́fun tàbí tí òórùn rẹ̀ jọ ti ọ̀dà ìkunlé, ẹ dà á nù.

Ẹ má fi síríńjì da òróró sí ehoro lẹ́nu. Bó bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó ṣòro kí oògùn tó gbà á là. Inú oúnjẹ ni kí ó ti jẹ ẹ́.

Mo ní láti sọ ti ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì tí àwọn kan ń kùn sára ehoro nítorí èkúrú. Ehoro máa ń fi ahọ́n lá ara rẹ̀ láràárọ̀, yóò lá májèlé yẹn wọ inú. Ẹ ká ọwọ́ kúrò níbẹ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran fún abẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ inú etí ni èèpá náà wà, òróró àgbọn díẹ̀ tí ẹ bá kán sí i á rọ èèpá náà, á sì sé àwọn kòkòrò ibẹ̀ mọ́ kí dókítà tó dé. Ẹ má ṣí èèpá náà tipátipá, ó ń dun wọ́n gan-an.

Ẹ gbọ́ ti àwọn òróró olóòórùn líle pẹ̀lú, bíi ti kànáfùrù àti aáyù. Oríṣi mìíràn nìyẹn pátápátá. A kì í fi wọ́n wá agbára, àwọn kòkòrò inú ìfun la fi ń kó níjàánu, wọn kò sì gbọdọ̀ dé gíráàmù kan nínú kílò oúnjẹ kan. Àwọn onímọ̀ ní Íjíbítì, níbi tí oòrùn ti ń mú ehoro bíi tiwa, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí irú èyí àti lórí òróró habbatu saudá, irúgbìn dúdú kan. Ẹni tó bá da òróró kànáfùrù bí ẹni da òróró sóyà á pa ehoro rẹ̀.

Òróró kò sì lè rọ́pò dókítà. Ní 2020, àrùn tó ń mú kí ehoro sun ẹ̀jẹ̀ kú lójijì wọ orílẹ̀-èdè wa, ó jà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, kò sí òróró kankan tó lè dá irú rẹ̀ dúró. Yíya ehoro tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, fífọ ọwọ́, àti kíkọ̀ fún àlejò láti máa ti orí kéèjì kan bọ́ sí òmíràn, àwọn nìyẹn ló ń dáàbò bò wọ́n. Coccidiosis, àrùn ìgbẹ́ gbuuru tí kòkòrò àìfojúrí ń fà, náà ní oògùn tirẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́

Ìgbẹ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ wò, láràárọ̀, kí ẹ tó wo nǹkan mìíràn. Kóró tó tóbi, tó yíká, tó gbẹ, tí ẹ bá fi ìka fọ́ ọ tí ẹ rí koríko nínú rẹ̀, ó dára. Bí ẹ bá rí i tó kéré, tó rọ̀ tó lẹ̀ mọ́ra, tàbí tí ìgbẹ́ rírọ̀ òru bá ṣẹ́kù sílẹ̀ láìjẹ, ó túmọ̀ sí pé oúnjẹ ti lọ́ràá tàbí sítáàṣì jù. Ẹ yọ òróró kúrò lọ́jọ́ náà, ẹ fún wọn ní koríko gbígbẹ àti omi nìkan fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ti wá gidi, tí ehoro ń lọ eyín, tó ká ara jọ, ẹ pe dókítà ẹran kí ilẹ̀ tó ṣú. Ehoro kì í ní sùúrù nínú àìsàn.

Ìwọ̀n ara ni ìkejì. Ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, wákàtí kan náà, kí wọ́n tó jẹun, ẹ gbé wọn lé òṣùwọ̀n ìdáná lókọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ipò tiwa níbí, ọmọ tó ń fi gíráàmù 15 sí 25 kún ara lóòjọ́ ń ṣe dáadáa. Dídán irun kì í yá, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó hàn, ẹ má tìtorí pé ẹ kò tíì rí i kí ẹ fi òróró kún òróró.

Ìkẹta ni owó, ó sì yẹ ká sọ ọ́ kedere torí a kò sin ehoro fún ojú lásán. Ọmọ tó ń dàgbà máa ń jẹ oúnjẹ bíi kílò mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó tó fi kílò kan kún ara. Ẹ ya kéèjì méjì sọ́tọ̀, àwọn ọmọ ìyá kan náà ní ọgbọọgba, kéèjì kan pẹ̀lú òróró, èkejì láìsí. Ẹ wọn oúnjẹ tó wọlé àti èyí tó ṣẹ́kù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ pín iye owó oúnjẹ kéèjì kọ̀ọ̀kan sí iye kílò tí wọ́n fi kún ara. Bí kílò kan ní kéèjì olóròóró bá dínwó ju ti èkejì lọ, ẹ máa bá a lọ. Bí ó bá wọ́n jù, ẹ fi òróró sílẹ̀ fún àwọn ìyá àti fún oṣù ooru nìkan, kí ẹ fi owó tó kù ra irúgbìn koríko. Iye owó òróró ń yí padà lọ́jà, nítorí náà ẹ tún ìṣirò yìí ṣe nígbàkígbà tí owó òróró tàbí sóyà bá gbéra sókè.